Ọjọ́ Tí Delfina àti Royce Kò Lọ Dìbò

Ọdún mọ́kàndínlógún ni Delfina Marek fi jókòó sí tábìlì tó kọjú sí ilẹ̀kùn ní kóòtù kékeré Ẹkùn Kẹta, ní ìlú Kolar, ní Texas. Ẹni tí ọlọ́pàá bá mú pé ó sáré jù lójú títì, òun ló máa kọ́kọ́ rí. Ẹni tí onílé fẹ́ lé jáde, òun ló máa kọ́kọ́ gbọ́ ẹkún rẹ̀. Àwọn tó bá wá ṣègbéyàwó láìsí àlùfáà, òun ló máa bi wọ́n bóyá wọ́n rántí mú ìwé àṣẹ dání. Bí ẹnì kan bá sì kú sínú ilé tàbí sínú pápá màlúù, Adájọ́ Stasny ló ní agbára láti lọ síbẹ̀, kí ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé onítọ̀hún ti kú. Ṣùgbọ́n Delfina ló ń wa ọkọ̀, nítorí ojú Adájọ́ kò ríran dáadáa mọ́, kò sì fẹ́ kí wọ́n mọ̀.

Adájọ́ irú kóòtù yìí kò ní láti kàwé òfin. Onígbàjámọ̀ ti ṣe é rí ní Kolar, awakọ̀ bọ́ọ̀sì ilé ìwé sì ni Stasny kí ó tó dé ibẹ̀. Ìbò ni wọ́n fi ń yàn wọ́n, ọdún mẹ́rin mẹ́rin. Nígbà tí Stasny sọ pé òun fẹ́ lọ sinmi, Delfina fi ọjọ́ mẹ́ta rò ó. Opó Anton ni, ọmọ ọdún méjìdínlọ́gọ́ta. Ní ọjọ́ kẹrin ó gba fọ́ọ̀mù, ó kọ orúkọ ara rẹ̀ sí i, ó ní ṣe ló dà bí ẹni pé orúkọ ẹlòmíràn ni òun ń kọ.

Ó wù ú. Èmi ọ̀rẹ́ rẹ̀, bí mo ṣe mọ̀ ọ́n tó, n kò rí i kí nǹkan kan wù ú tó bẹ́ẹ̀ rí. Ó fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ fọwọ́ sí ìwé tó ti ń tẹ̀ sílẹ̀ fún ẹlòmíràn láti ọdún wọ̀nyí wá.

“Mọ́mì, ẹ̀yin lẹ ń ṣe é tẹ́lẹ̀,” ni Ysela, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, wí. “Orúkọ ló kù kí wọ́n fún yín.”

Kò sí ẹlòmíràn tó ń du ipò náà, àfi ìgbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan kí wọ́n dẹ́kun gbígba fọ́ọ̀mù wọlé, tí Royce Haverlah dé sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, tó ṣí fìlà.

Royce ni aládùúgbò rẹ̀, wáyà ọgbà kan ṣoṣo ló wà láàárín wọn. Ọgbọ̀n ọdún ló fi ta oúnjẹ màlúù, òun sì ni olórí àwọn panápaná ìlú, àwọn tó ń ṣe é láìgbowó. Òun ni bàbá ìsàmì Ysela. Nítorí náà komadre, ọ̀rọ̀ Spanish fún ìyá ọmọ ìsàmì ẹni, ló ń pe Delfina, Delfina náà sì ń pè é ní kompadre, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìran Czech ni Royce, tí ọ̀rọ̀ náà kì í jáde dáadáa lẹ́nu rẹ̀.

“Àwọn ọmọ wọ̀nyí ní kí n dúró,” ó ní. Àwọn ọmọ wọ̀nyí ni àwọn panápaná, tí àbíkẹ́yìn inú wọn ti lé ní ogójì ọdún.

“Kí o dúró fún kí ni?”

“Fún iṣẹ́ Stasny.”

Delfina ń ká aṣọ lórí okùn. Kò dá a dúró. “Ṣé ìwọ fẹ́ ẹ?”

“N ò mọ̀. Wọ́n bi mí nígbà tí à ń jẹun àárọ̀. Kí n tó jẹ ẹyin mi tán, mo ti ní bẹ́ẹ̀ ni.”

“O lè padà lọ sọ pé rárá.”

“Wọ́n ti kọ ọ́ sára mọ́tò panápaná.”

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe di alátakò. Ẹgbẹ́ kan fa Delfina kalẹ̀, ẹgbẹ́ kejì fa Royce, ṣùgbọ́n ní Ẹkùn Kẹta kò sẹ́ni tó ka ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ sí nínú ọ̀rọ̀ adájọ́. Wọ́n ri pátákó méjèèjì mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wáyà, orúkọ Delfina níhìn-ín, orúkọ Royce lọ́hùn-ún. Nígbà tí atẹ́gùn mú kí ti Delfina dagun, Royce ló mú òòlù jáde lówùúrọ̀ kùtù, tó tún un gbé dúró. Àwọn tó ń kọjá rí i. Wọ́n ní ènìyàn rere ni. Delfina dúró lójú fèrèsé pẹ̀lú kọfí lọ́wọ́, kò sì mọ bóyá kí òun dúpẹ́ tàbí kí òun bínú.

Ní oṣù kẹwàá, wọ́n pe àwọn méjèèjì sí gbọ̀ngàn panápaná kí ará ìlú bi wọ́n ní ìbéèrè. Obìnrin kan béèrè pé ọjọ́ mélòó ni ẹni tí wọ́n lé nílé ní láti fi kó ẹrù, bí kò bá pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Royce ni wọ́n na gbohùngbohùn sí. Ó wò ó, ó na án sí Delfina.

“Ẹ bi í,” ó ní. “Òun ló mọ̀ ọ́n.”

Gbogbo gbọ̀ngàn rẹ́rìn-ín, wọ́n pàtẹ́wọ́. Delfina dáhùn ìbéèrè náà bó ṣe yẹ, láìfi ọjọ́ kan sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́ fún ìyẹn. Ó ní nínú ọkọ̀ nígbà tí à ń lọ sílé, “Ṣé ó ràn mí lọ́wọ́ ni, àbí ó gba ìbò mi?”

Ọjọ́ Sátidé tó ṣáájú ọjọ́ ìbò ni wọ́n ṣe àdéhùn náà. Wọ́n pàdé nídìí wáyà, Royce ń so ibi tó já. Ọ̀rọ̀ bàbá Royce àti ti bàbá ọkọ Delfina ló gbé wọn lọ. Àwọn àgbà méjèèjì náà kò dìbò fún ẹnì kan náà rí láyé wọn. Nígbà tó yá, wọ́n ní kí ló dé tí àwọn á máa sun epo mọ́tò lọ sí ìlú láti lọ pa ìbò ara àwọn rẹ́. Láti ìgbà náà, tó bá ti di ọjọ́ ìbò, abẹ́ igi ni wọ́n máa jókòó sí, wọ́n á máa ta dómínò títí wọ́n á fi ti ilé ìdìbò. Ọ̀pọ̀ ní àdúgbò wọn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, títí kan tọkọtaya tí ọ̀rọ̀ wọn kò bára mu.

Delfina rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní kí àwọn náà jókòó bí àwọn bàbá wọn. “Tèmi á pa tìẹ, tìẹ á pa tèmi.” Royce ní ó dára. Níbi kan náà, nínú ọ̀rọ̀ kan náà, Royce ní bó bá jẹ́ òun ló wọlé, Delfina kò ní kúrò lórí àga rẹ̀. “Kí ni mo fẹ́ fi kóòtù ṣe láìsí ìwọ?” Wọ́n tún sọ̀rọ̀ òjò tí kò rọ̀, àti ti màlúù ẹnì kan tó ń ya wọ ọgbà. Lẹ́yìn náà oníkálùkù wọlé rẹ̀.

Nígbà tí Ysela gbọ́, ó gbé síbí sílẹ̀.

“Mọ́mì, ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń dupò, ẹ fẹ́ jókòó sílé?”

“Òun náà á jókòó.”

“Ta ló gbà yín nímọ̀ràn yìí?”

“Àdéhùn ni. Bàbá ìsàmì ẹ ni.”

“Mo mọ̀ ọ́n. Láti kékeré ló ti ń rẹ́ mi jẹ nídìí dómínò.”

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, wọ́n jókòó sí fàráńdà Royce láti aago méje àárọ̀ tí wọ́n ṣílé ìdìbò. Wọ́n jẹ ẹran àyà màlúù tí wọ́n fi èéfín yan, búrẹ́dì àti àlùbọ́sà. Àwọn tó ń kọjá lójú títì ń fọn fèrè ọkọ̀ sí wọn. Royce fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀mẹfà, kò jiyàn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Delfina rò pé ọkàn rẹ̀ kò sí nídìí ayò ni. Nígbà tí aago méje alẹ́ lù, wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́.

Ìbò ẹgbẹ̀ta ó lé mọ́kànlá ni Royce ní. Ti Delfina jẹ́ ẹgbẹ̀ta ó lé mẹ́wàá.

Ó gbà á. Ọjọ́ kejì ó lọ sí ibi iṣẹ́, ó sì ṣí ilẹ̀kùn ní aago mẹ́jọ. Ysela ni kò gbà á. Ó ní kí ìyá òun lọ wo orúkọ àwọn tó dìbò ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, bóyá òkú tàbí àlejò wà nínú wọn. Ìwé orúkọ yẹn kò bò mọ́lẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ lè wò ó. Kì í sọ ẹni tí ènìyàn dìbò fún, kìkì pé ó wá, ọjọ́ tó wá, àti pé ó fọwọ́ sí i. Ní ọjọ́ Ẹtì, Delfina lọ. Verna Doss, tó ń tọ́jú ìwé ìbò, gbé e fún un.

Kò rí òkú kankan. Ojú ìwé kẹrin ló ti rí i: Haverlah, Royce T. Ọjọ́ Ajé àkọ́kọ́ nínú ìdìbò àtètèṣe ni. Nígbà ayé àwọn bàbá wọn, ọjọ́ kan ṣoṣo ni ìbò. Ní ìsinsìnyí, ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ni ẹni tó bá fẹ́ ti lè lọ dì í. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀ dáadáa. Òun fúnra rẹ̀ ló lẹ ìwé ìkéde rẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn kóòtù. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Sátidé, nídìí wáyà, ọjọ́ Ìṣẹ́gun nìkan ló wà lọ́kàn rẹ̀.

“O ń wá orúkọ tìẹ ni?” Verna bi í.

“Rárá. N kò lọ.”

Verna yọ awò ojú rẹ̀. “O ń dupò, o ò sì dìbò.”

“A ní àdéhùn.”

“Pẹ̀lú ta?”

Delfina pa ìwé náà dé, ó dá a padà.

Royce ń tún ilẹ̀kùn ọgbà màlúù ṣe nígbà tí Delfina dé ilé rẹ̀. Ó rí ojú rẹ̀, ó sì gbé òòlù sílẹ̀.

“O ti rí i,” ó ní.

“Ìwọ lo fọwọ́ sí i?”

“Èmi ni.”

“O ti dìbò kí a tó sọ̀rọ̀ nídìí wáyà.”

“Mo mọ̀, komadre.”

“Kí ló dé tí o ò sọ?”

“O ń rẹ́rìn-ín.” Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. “Láti ìgbà tí Anton ti kú, n ò rí ẹ kí o rẹ́rìn-ín báyẹn. Mo ní kí n sọ ọ́ lọ́la. Ọ̀la di ọ̀túnla. Ìgbà tó fi máa di Ìṣẹ́gun, o ti gbé dómínò kalẹ̀.”

“Ilé ìdìbò ṣí sílẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ yẹn. Ǹ bá ti lọ.”

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

“À bá sì dọ́gba.”

“Mo ti ṣírò ẹ̀. N ò ṣe nǹkan míì láti ọjọ́ náà.”

“Ta lo dìbò fún, Royce?”

Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tó ti pè é ní orúkọ rẹ̀ kẹ́yìn.

“Ìwọ ni.”

“Má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.”

“Mo débẹ̀, mo rí orúkọ méjèèjì. Mo bi ara mi pé, nínú àwọn méjèèjì yìí, ta ló mọ iṣẹ́ náà. Mo tẹ tìẹ.”

“Kí lo wá ń dupò fún?”

“Ìyẹn ni n ò mọ̀,” ni Royce wí. Ó gbé òòlù, ó tún gbé e sílẹ̀.

Delfina wá sọ́dọ̀ mi ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó ní kí n bá òun rò ó. Bó bá jẹ́ pé ara rẹ̀ ni Royce dìbò fún, ìbò tó yẹ kí ó wà nílé ló fi borí. Bó bá jẹ́ òótọ́ ló sọ, a jẹ́ pé alátakò Delfina dìbò fún Delfina, Delfina fúnra rẹ̀ kò sì dìbò fún ara rẹ̀. Lọ́nà kìíní, Royce ló fi ọ̀kan jù ú. Lọ́nà kejì, òun ló fi ọ̀kan dín ara rẹ̀ kù. Kò sí ẹni tó lè ṣí àpótí kí ó fa ìwé ìbò ènìyàn kan yọ láti wò ó.

“Èwo ni kí n gbà gbọ́?” ó bi mí.

Mo ní èwo ló rọrùn fún un.

“Kò sí èyí tó rọrùn,” ó ní.

Ó béèrè pé kí wọ́n tún ìbò náà kà. Wọ́n kà á ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, níwájú àwọn méjèèjì. Royce jókòó tì í, ó gbé kọfí wá fún un. Nọ́ńbà kan náà ló jáde. Ó tún hàn pé ènìyàn mẹ́tàlélógójì ló dìbò fún gbogbo ipò yòókù, tí wọ́n sì fi àyè adájọ́ sílẹ̀ láìfọwọ́ kàn án.

“Ṣé ó tẹ́ ọ lọ́rùn báyìí?” ni Royce bi í.

“Rárá.”

“Kò tẹ́ èmi náà lọ́rùn.”

Ọjọ́ iṣẹ́ tó kẹ́yìn nínú oṣù kejìlá ni Royce wá sí kóòtù pẹ̀lú ìwé kan. Kí adájọ́ tuntun tó lè búra fún iṣẹ́, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fọwọ́ sí ìwé yìí níwájú ẹni tí ìjọba fún ní òǹtẹ̀. Delfina ní òǹtẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló ti gba ìwé kan náà lọ́wọ́ Stasny. Adájọ́ ti kó ẹrù rẹ̀ lọ, àwo tamale kan, oúnjẹ àgbàdo tí wọ́n fi ewé wé, ló kù lórí tábìlì, tí ẹnì kan gbé wá fún Kérésìmesì.

“Ka á sókè,” ni Delfina wí, bó ṣe máa ń sọ fún Stasny.

Royce wọ awò ojú. “Èmi, Royce Haverlah, búra pé n kò fún ẹnikẹ́ni lówó tàbí ohun tó níye lórí, bẹ́ẹ̀ ni n kò ṣèlérí ipò tàbí iṣẹ́ ìjọba fún ẹnikẹ́ni, kí ó lè dìbò, tàbí kí ó má baà dìbò…”

Ó dúró níbẹ̀. Ó tún ibẹ̀ kà, láìpariwo.

“Kí ni eléyìí ń sọ, komadre?”

Nínú gbogbo ìgbà tí Delfina ti gbọ́ ọ, ó rò pé àwọn tó ń fún ọ̀mùtí ní ọtí kí wọ́n lè sùn títí ìbò á fi parí ni ìwé náà ń bá wí.

“Mo sọ fún ẹ pé o ò ní kúrò lórí àga ẹ,” Royce wí.

“O sọ ọ́.”

“O sì jókòó sílé.”

“Mo jókòó sílé.”

“Ṣùgbọ́n mi ò sọ ọ́ torí ìyẹn.” Ó wò ó. “Àbí torí ìyẹn ni?”

“O ti dìbò tìẹ nígbà náà.”

“Ìbò tèmi kọ́ ni wọ́n ń bi mí. Tìẹ ni.”

Ó gbé bírò sílẹ̀ lórí ìwé náà. Ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ní, “Èwo la kọ́kọ́ sọ? Bó bá jẹ́ pé o ti ní ká jókòó sílé, kí n tó sọ̀rọ̀ àga, ọjà ni mo rà yẹn, bí n ò tiẹ̀ mọ̀. Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ àga ló ṣáájú, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. N ò rántí. Mo ń gbìyànjú, n ò rántí.”

“Bí o ò bá fọwọ́ sí i ńkọ́?”

“Ipò á ṣófo. Àwọn ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ á fi ẹlòmíràn síbẹ̀.” Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. “Ta ni wọ́n tún fẹ́ fi síbẹ̀? Ìwọ náà ni. Sọ ọ́, Delfina. Bí o bá ní ọ̀rọ̀ jíjókòó sílé ló ṣáájú, mo máa fi bírò yìí sílẹ̀, mo máa lọ sílé. N ò ní bi ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì.”

Delfina jókòó. Ó gbìyànjú láti padà sídìí wáyà náà. Ó rí pílíásì lọ́wọ́ Royce. Ó rí ìbọ̀wọ́ rẹ̀ tó ya ní àtàǹpàkò, ó rí màlúù aláwọ̀ pupa tó dúró sẹ́yìn rẹ̀, ó gbọ́ ẹ̀rín ara rẹ̀. Ó gbọ́ “àga rẹ.” Ó gbọ́ “bí àwọn bàbá wa.” Wọn kò tò tẹ̀léra. Bó bá gbé ọ̀kan síwájú, ó máa ń bá a mu. Bó bá gbé èkejì síwájú, ó ń bá a mu bẹ́ẹ̀.

Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ibi tí òun ti ń rò ó ni ẹnì kan ti wọlé wá béèrè ọjọ́ ẹjọ́ rẹ̀, ó rí àwọn méjèèjì, ó sì jáde padà.

“Àga lo kọ́kọ́ sọ,” ni Delfina wí.

“Ó dá ẹ lójú?”

“O ń so wáyà. O sọ ọ́ kí n tó dárúkọ bàbá Anton rárá. N ò tíì béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ ẹ.”

Royce wò ó títí. Lẹ́yìn náà ó mú bírò, ó ka ìwé náà parí láti ibi tó ti dúró, ó sì fọwọ́ sí i. Delfina lu òǹtẹ̀ mọ́ ọn, ó kọ ọjọ́ sí i, ó fọwọ́ sí abẹ́ rẹ̀.

Mo bi í nígbà tó yá bóyá ó rántí lóòótọ́. Ó ní nígbà tó ń sọ ọ́ lẹ́nu, ó rí i kedere, títí kan wáyà náà. Kí ó tó sọ ọ́ ńkọ́? Ó ní kí n fi òun sílẹ̀.

Ní ọ́fíìsì lọ́jọ́ náà, Royce ṣì dúró níwájú tábìlì rẹ̀, ó di fìlà mú lọ́wọ́ méjèèjì, kò mọ ibi tó yẹ kí òun gbà lọ. Delfina nawọ́ sí yàrá inú.

“Wọlé lọ jókòó,” ó ní. “O dúró síbẹ̀ bí ẹni tó wá sanwó ìtanràn.”